Wíwọlé sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì RN ní Amẹ́ríkà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ di Registered Nurse, ìyẹn RN, nípasẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà. Ó lè jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì), tàbí ẹni tó ní dìgírì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn tó fẹ́ yà sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọn kò gbà wọlé kì í ṣe òpè. Máàkì sáyẹ́ǹsì ló fà wọ́n sẹ́yìn, tàbí kí gbèdéke ti kọjá kí ìwé wọn tó pé. Ohun méjèèjì yìí la máa tẹnu mọ́ jù.

Ọ̀nà wo ni kí n gbà di RN: ADN tàbí BSN?

ADN (Associate Degree in Nursing) ni ti community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ jẹ́ ọdún méjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe mọ́ ọn, ó máa ń tó ọdún mẹ́ta. BSN (Bachelor of Science in Nursing) ni ti yunifásítì: ọdún mẹ́rin, nǹkan bíi 120 kírédíìtì. Ẹni tó ti ní dìgírì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn lè ṣe ABSN, ìyẹn BSN tí wọ́n ń yára parí, láàárín oṣù 12 sí 18, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìsinmi nínú rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tún wà fún LPN (nọ́ọ̀sì tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kéré sí ti RN) tó fẹ́ di RN.

Ìdánwò kan náà, NCLEX-RN, ni gbogbo wọn ń ṣe níkẹyìn, ìwé àṣẹ kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Ìyàtọ̀ máa ń hàn níbi ìgbanisíṣẹ́ àti ìgbéga. Ìpínlẹ̀ New York tiẹ̀ ṣòfin ní ọdún 2017 pé RN tuntun gbọ́dọ̀ gba BSN láàárín ọdún mẹ́wàá tó gba ìwé àṣẹ.

Bí owó bá há, èrò tiwa ni pé kí ẹ ṣe ADN, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ wá parí BSN lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló máa ń ran òṣìṣẹ́ wọn lọ́wọ́ lórí owó ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pinnu, ẹ ka ìkéde iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín. Bí gbogbo wọn bá ń béèrè BSN lọ́wọ́ RN tuntun, ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò yín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Kí ẹ tó san sẹ́ǹtì kan, ẹ lọ sórí ìkànnì Board of Nursing, ìyẹn àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ, ti ìpínlẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kò ní lè jókòó ṣe NCLEX lẹ́yìn gbogbo wàhálà. Lẹ́yìn náà ẹ wò ó bóyá ACEN tàbí CCNE, àwọn àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, fọwọ́ sí ètò nọ́ọ̀sì wọn. Ìfọwọ́sí yìí ló máa jẹ́ kí yunifásítì gba ADN yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe BSN. Ẹ kíyè sí i pé ìfọwọ́sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lápapọ̀ yàtọ̀ sí ti ètò nọ́ọ̀sì rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi èyí àkọ́kọ́ bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ohun kẹta ni iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó ń yege NCLEX ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ Board of Nursing máa ń gbé e jáde lọ́dọọdún. Ẹ wo ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ má wo ọdún kan ṣoṣo. Kí ẹ sì bi ilé-ẹ̀kọ́ náà léèrè pé nínú gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀, mélòó ló parí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń lé ìdajì kíláàsì kúrò lójú ọ̀nà lè ní ìpín NCLEX tó dára lójú, kó má sì dára fún yín.

Ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tú àṣírí ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ayédèrú tó ju 7,600 lọ, tí wọ́n tà láti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ní Florida. Operation Nightingale ni wọ́n pe ìwádìí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ìwé ọ̀hún ló sì pàdánù ìwé àṣẹ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí láìwọ kíláàsì, láìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ẹ yàgò fún un.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó lè béèrè fún àyè?

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àmọ́ èyí tí ẹ máa bá níbi púpọ̀ ni English Composition, General Psychology, Human Growth and Development, Statistics tàbí College Algebra, Anatomy and Physiology I àti II, àti Microbiology. Àwọn mìíràn ń fi Chemistry tàbí Nutrition kún un. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó ní yàrá àyẹ̀wò sábà máa ń jẹ́ kírédíìtì mẹ́rin ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù mẹ́ta.

Anatomy and Physiology, tí gbogbo èèyàn ń pè ní A&P, ni òkè tó ga jù. A&P I sábà máa ń dá lórí sẹ́ẹ̀lì, awọ ara, egungun, iṣan àti ọpọlọ; A&P II lórí ọkàn, ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, oúnjẹ àti họ́mónù. Ẹ má fi A&P àti Microbiology sínú sáà kan náà bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ìdí ni pé ẹ̀kọ́ kírédíìtì mẹ́rin ń fẹ́ wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá nílé lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí kíláàsì àti yàrá àyẹ̀wò. Méjì pọ̀ ti di wákàtí 16 sí 24, oorun ló sì máa kọ́kọ́ sanwó rẹ̀.

Ètò tó rọrùn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ó ṣe English àti Psychology ní sáà kìíní, A&P I àti ìṣirò ní sáà kejì, A&P II pẹ̀lú Human Growth ní sáà kẹta, kó wá fi Microbiology sí ìkẹrin. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń kó ọ̀sẹ̀ 15 sínú ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́jọ. A kò gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún nímọ̀ràn láti ṣe A&P bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì tó máa ń bá àwọn èèyàn lójijì: àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba sáyẹ́ǹsì tó ti pé ju ọdún márùn-ún tàbí méje lọ. Ìkejì, àwọn kan kì í gba yàrá àyẹ̀wò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè, kí ẹ sì gba èsì náà sínú ímeèlì.

Kí ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn fìdí rẹmi nínú A&P?

Wọ́n ń ka á bí ẹni ń ka orúkọ ìlú sórí. Ó máa ṣiṣẹ́ fún egungun 206, kò ní ṣiṣẹ́ fún bí kíndìnrín ṣe ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Ọ̀nà tó dára ni kí ẹ máa ya àwòrán láìwo ìwé. Bí àpẹẹrẹ, ẹ mú ìwé òfìfo, kí ẹ tọ ẹ̀jẹ̀ láti apá ọ̀tún ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, padà sí apá òsì, jáde sí gbogbo ara, kí ẹ dárúkọ fáàfù tó gbà kọjá. Ibi tí ẹ bá dúró ni ibi tí ẹ kò tíì mọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ kẹta, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Nínú ìdánwò yàrá àyẹ̀wò, wọ́n máa fi pín-ìn-nì sára egungun tàbí àwòkọ, ẹ ó sì kọ orúkọ rẹ̀. Àṣìkọ lẹ́tà kan lè gba máàkì lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má kàn máa pè é lẹ́nu. Ẹ má sì fojú di ẹ̀kọ́ yìí lẹ́yìn tí ẹ bá ti yege. Nígbà tí olùkọ́ nọ́ọ̀sì bá béèrè ìdí tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì fi ń wú lẹ́sẹ̀, A&P II ló ń béèrè.

Báwo ni máàkì ṣe ń nípa lórí gbígbani wọlé?

C ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní ìyege, àmọ́ ẹni tó ní C lè máà rí àyè. Ìdí ni pé kírédíìtì ló ń wọn máàkì. A jẹ́ 4, B jẹ́ 3, C jẹ́ 2. Ká ní ẹ ní A nínú English àti Psychology, kírédíìtì mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan: 12 àti 12. A&P I jẹ́ kírédíìtì mẹ́rin; C nínú rẹ̀ jẹ́ 8. Àròpọ̀ 32, ẹ pín in sí 10, GPA yín (ìpíndọ́gba máàkì) jẹ́ 3.2. Bó bá jẹ́ B ni ẹ ní, ó di 3.6. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ìyẹn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan tún ń ṣírò GPA sáyẹ́ǹsì lọ́tọ̀.

Kí ẹ mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ yín ṣe ń yan èèyàn. Àwọn kan ń fi àmì ṣe é: GPA, ìdánwò àbáwọlé, ìrírí iṣẹ́ ìtọ́jú, dìgírì tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Àwọn mìíràn ń tò wọ́n sórí ìlà, tàbí kí wọ́n ṣẹ́ gègé láàárín àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo àmì, ẹ gba ìwé òṣùwọ̀n náà, kí ẹ fún ara yín ní máàkì kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀.

Bí ẹ̀kọ́ kan bá ń bàjẹ́ lọ, ẹ mọ ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹ lè yọ orúkọ yín kúrò. W (àmì pé ẹ yọ orúkọ yín kúrò) kì í wọ inú GPA, F (ìkùnà) ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń ka W sí ìgbìyànjú kan, wọ́n sì ní iye ìgbà tí wọ́n gbà kéèyàn tún sáyẹ́ǹsì ṣe. Ẹ wo òfin wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Báwo ni TEAS ṣe rí?

TEAS ni ìdánwò àbáwọlé tí ọ̀pọ̀ ń lò. HESI A2 ni àwọn mìíràn ń lò, ẹ má ra ìwé èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ yín kò béèrè. TEAS 7 ní ìbéèrè 170 fún ìṣẹ́jú 209: kíkà 45 fún ìṣẹ́jú 55, ìṣirò 38 fún 57, sáyẹ́ǹsì 50 fún 60, èdè Gẹ̀ẹ́sì 37 fún 37. Nínú 170 yẹn, 150 ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ẹ kò ní mọ 20 tó kù, nítorí náà ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò wà lójú kọ̀ǹpútà.

Sáyẹ́ǹsì ló sábà máa ń fa èèyàn lulẹ̀, ẹ̀yà ara àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ ṣe TEAS ní kété tí ẹ bá parí A&P II, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó fún ìmúrasílẹ̀: ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àdánwò kan láti mọ ibi tí ẹ kù sí, kí ẹ fi wákàtí tó pọ̀ jù síbẹ̀, kí ẹ tún ṣe òmíràn nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ààlà sí iye ìgbà tí ẹ lè ṣe é lọ́dún, nítorí náà ẹ má lọ “wò ó” lásán.

Nàìjíríà ni mo ti kàwé. Ṣé ìwé mi máa wúlò?

Ó lè wúlò, àmọ́ wọn kò ní kà á bó ṣe wà. Ẹ ní láti fún iléeṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí òkèèrè, irú bíi WES, kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́. Èyí tó kàn sọ pé “dìgírì yìí dọ́gba pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà” kò tó, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ rí máàkì àti kírédíìtì. Ilé-ẹ̀kọ́ yín ní Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ fi transcript ránṣẹ́ tààrà. Èyí tó bá gba ọwọ́ yín kọjá kì í ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni oṣù ti máa ń ṣòfò, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú gbèdéke. Ẹ rí i pé orúkọ tó wà lórí transcript bá ti ìwé ìrìnnà yín mu; bí ẹ bá ti yí orúkọ padà nígbà ìgbéyàwó, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó tì í.

Ẹ̀kọ́ àpapọ̀ bíi ìṣirò ni wọ́n sábà máa ń gbà. Sáyẹ́ǹsì ni ẹ sábà máa ń ní láti tún ṣe, pàápàá bó bá ti pẹ́.

Wọ́n ti gbà mí. Ìwé ìlera wo ni wọ́n máa béèrè?

Ibí ni ẹni tí wọ́n ti gbà wọlé ti ń pàdánù àyè. Ilé ìwòsàn tí ẹ máa ti kọ́ṣẹ́ ló ń béèrè rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì lè dá ẹnikẹ́ni sí.

Mẹ́dọ̀wú B (Hepatitis B) ló gùn jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jẹ́ mẹ́ta: ọjọ́ kìíní, oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, àti oṣù kẹfà. Wọ́n á tún ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní oṣù kan sí méjì lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn láti rí i pé ó ṣiṣẹ́ lára yín. Oṣù bíi mẹ́jọ nìyẹn. Bí ẹ bá dúró títí lẹ́tà ìgbaniwọlé fi dé, ó ti pẹ́. Heplisav-B wà tó jẹ́ méjì péré, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín wọn. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà bí àkókò bá ti lọ. MMR (fún measles, mumps àti rubella) jẹ́ méjì, ọjọ́ 28 ó kéré tán láàárín wọn. Varicella (chickenpox) náà méjì. Tdap (fún tetanus, diphtheria àti pertussis) àti abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn flu ti ọdún náà kún un.

Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ gba àlàyé. Ọ̀pọ̀ wa ló gba BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní kékeré, ó sì lè mú kí àyẹ̀wò orí awọ wú bí ẹni pé àrùn náà wà lára. Wọ́n á wá ní kí ẹ lọ ya fọ́tò àyà, kí ẹ lọ rí dókítà, ọ̀sẹ̀ á sì máa lọ. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, irú bíi QuantiFERON. BCG kì í da èsì rẹ̀ rú. Bó bá jẹ́ orí awọ náà ni wọ́n ń gbà, ìgbésẹ̀ méjì ni, èkejì ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn èkíní. Kí ẹ sì ṣe é ṣáájú MMR tàbí lọ́jọ́ kan náà, nítorí MMR lè bo èsì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ ó tún nílò ìwé ẹ̀rí BLS (ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń dóòlà ẹ̀mí ẹni tó dákú), irú ti American Heart Association tó wà fún òṣìṣẹ́ ìlera, ó ń lo ọdún méjì. Èyí tí wọ́n ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀, láìfọwọ́ kan ère ìdánrawò, ni wọ́n máa ń kọ̀.

Àyẹ̀wò ìwà ọ̀daràn àti oògùn olóró ńkọ́?

Méjèèjì ni wọ́n ń ṣe. Igbó lè jẹ́ èyí tí òfin ìpínlẹ̀ yín fàyè gbà, síbẹ̀ òfin ìjọba àpapọ̀ kò fàyè gbà á fún ìgbafẹ́, ilé ìwòsàn sì lè lé yín. Bí ẹ bá ní ẹjọ́ kankan rí, ẹ kàn sí Board of Nursing kí ẹ tó náwó sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì sọ òtítọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Ẹjọ́ kékeré tí ẹ sọ sábà máa ń sàn ju èyí tí ìtẹ̀ka tú síta.

Níbo ni mo ti lè rí owó?

FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó ilé-ìwé ti ìjọba àpapọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti bá yín kọ ọ́. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card lè jẹ àǹfààní rẹ̀, ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kò lè jẹ ẹ́. Pell Grant, tí a kì í dá padà, dé $7,395 ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024–25 fún ẹni tí owó ilé rẹ̀ kéré jù. Ó máa ń tó kájú owó ilé-ìwé ní ọ̀pọ̀ community college. Ẹ tún fi aṣọ iṣẹ́, bàtà, ìwé, àjẹsára, owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn àti owó NCLEX sínú ìṣirò.

Ṣé mo lè máa ṣiṣẹ́ lọ?

Nígbà ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ètò nọ́ọ̀sì, wákàtí 16 sí 20 lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn lè gbé. Ọjọ́ ìkọ́ṣẹ́ lè jẹ́ wákàtí 12, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Ẹ má ṣe ṣiṣẹ́ òru kí ẹ sì lọ fún aláìsàn ní oògùn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn òbí: ẹ wá ẹni méjì tó lè tọ́jú ọmọ, kì í ṣe ẹnì kan, nítorí ìgbà tí èèyàn lè pa ìkọ́ṣẹ́ jẹ kò tó nǹkan.

Iṣẹ́ CNA ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ má dín ní wákàtí 75. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ṣe é mọ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ kì í là á fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìkọ́ṣẹ́.

Kí ni mo lè kọ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀?

Ìṣirò oògùn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè 90 tàbí 100 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì yege kò lè fún aláìsàn ní oògùn. Ẹ há ìwọ̀nyí sórí: 1 g jẹ́ 1,000 mg, 1 kg jẹ́ 2.2 lb, ṣíbí tíì kan jẹ́ 5 mL, 1 oz jẹ́ 30 mL.

Ẹ wo èyí: ọmọ kan wọn 44 lb, dókítà ní kí wọ́n fún un ní 15 mg fún kg kọ̀ọ̀kan, oògùn olómi náà jẹ́ 160 mg nínú 5 mL. 44 pín sí 2.2 jẹ́ 20 kg. 20 lọ́nà 15 jẹ́ 300 mg. 300 pín sí 160, lọ́nà 5, jẹ́ 9.375, ìyẹn 9.4 mL. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn fi 44 ṣírò tààrà. Ọmọ náà á gba ìlọ́po méjì àti lé.

Omi ìfàsára (IV): 1,000 mL fún wákàtí mẹ́jọ, ọ̀pá tó ń ro ẹ̀kán 15 nínú mL kan. 1,000 pín sí 8 jẹ́ 125 mL ní wákàtí kan. 125 lọ́nà 15, pín sí 60, jẹ́ 31.25, ẹ kọ ẹ̀kán 31 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí kò sí ìdá ẹ̀kán. Kí ẹ sì máa kọ 0.5, ẹ má kọ .5, ẹ kọ 5, ẹ má kọ 5.0, nítorí ẹni tí kò bá rí àmì náà á kà á sí 50.

Kí ló dé tí ẹni tó ní A nínú sáyẹ́ǹsì fi ń kùnà ní sáà kìíní?

Ìbéèrè ti yí padà. Nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì, ìdáhùn mẹ́rin lè tọ̀nà, wọ́n á ní kí ẹ mú èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tí mímí rẹ̀ ń há ṣáájú ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn; kí ẹ tó pe dókítà, ẹ ti yẹ aláìsàn wò bí? Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé ìbéèrè irú NCLEX láti ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ẹ ka àlàyé ìdáhùn tí ẹ gbà àti èyí tí ẹ ṣì. Ìyege sábà máa ń wà láàárín 75 sí 78, wọn kì í sì í yí 74.9 sókè.

Bí wọn kò bá gbà mí ńkọ́?

Ẹ béèrè iye àmì tí ẹni tó kẹ́yìn tí wọ́n gbà ní, kí ẹ fi wé tiyín. Bí àlàfo náà bá wà ní TEAS, oṣù méjì lè dí i. Bó bá jẹ́ C nínú A&P, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fi máàkì tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ tàbí wọ́n ń pín méjèèjì sí méjì, kí ẹ tó tún un ṣe. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ forúkọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ó kéré tán.

NCLEX-RN ńkọ́?

Ẹ ó san $200 fún ìforúkọsílẹ̀, yàtọ̀ sí owó ìwé àṣẹ ti ìpínlẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni, ìbéèrè 85 ó kéré tán, 150 ó pọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà ń yan ìbéèrè gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń dáhùn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni ìtàn aláìsàn tó ní ìbéèrè mẹ́fà-mẹ́fà ti wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá kùnà, ọjọ́ 45 ni ẹ máa dúró ó kéré tán. Ẹ ṣe é láàárín oṣù méjì lẹ́yìn tí ẹ jáde, kí ìmọ̀ náà má tíì tutù.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Ṣé mo tún gbọ́dọ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì?

Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kàn sí Board of Nursing ti ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́, kí ẹ béèrè iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣàyẹ̀wò ìwé yín àti bóyá wọ́n fẹ́ ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ̀kọ́ yín bá dọ́gba, NCLEX-RN ló kù. Bí apá kan bá kù, wọ́n á dárúkọ ẹ̀kọ́ tàbí ìkọ́ṣẹ́ tó kù, ìyẹn nìkan lẹ ó sì lọ ṣe.